Abuké Òkun

Omi búútà Bàbá Àgbà ni etí mi máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ nínú agbo ilé wa ní Ọ̀fà. Á ṣàn sórí òkúta tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, á dúró díẹ̀, á tún ṣàn, nítorí Bàbá Àgbà kì í kánjú tó bá ń ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, tàwọn ìyàwó ilé ní iwájú, tàwọn ọmọdé lẹ́yìnkùlé. Kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin á fi fọn fèrè láti ìdíkọ̀, Ìyá Àgbà á sì sọ láti inú yàrá rẹ̀ pé, "Àwọn alárìnkiri ti dé o." Ìyá Àgbà kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí láyé rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì wọ̀ ọ́, alárìnkiri ni lójú tirẹ̀, ìbáà ṣe akọ̀wé, ìbáà ṣe oníṣòwò, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ Bàbá Kékeré, àbíkẹ́yìn òun fúnra rẹ̀, tó ń ṣe gáàdì nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Ní àkókò yẹn ni òórùn ànàmọ́ tí wọ́n gbé kaná á ti máa gba ojú fèrèsé wọlé. Ànàmọ́ la fi ń jí, òun la fi ń ṣe ẹ̀bẹ lálẹ́. Àlejò tó bá wá sí Ọ̀fà tó lọ láìjẹ ànàmọ́, ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Èmi sì ni mo máa ń bó o. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn mú, ọ̀bẹ Ráfátù ni.

Ráfátù ni orúkọ mi. Mo ti ní iké lẹ́yìn kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Wọ́n sọ fún mi pé ìgbà tí mo ti ń sáré kiri ni àìsàn kan dá mi dùbúlẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òjò, nígbà tí mo sì dìde, ẹ̀yìn mi kò bá mi dìde tán. Ìyá mi gbé mi kiri ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn, ó gbé mi dé Ìjàgbó, ó gbé mi dé Òjòkú, ó tún gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ìjọ, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé àìsàn náà ti lọ ṣùgbọ́n ibi tó tẹ̀ kò ní nà mọ́. Bàbá mi kò sí nílé. Kùmásí ló wà, ní ilẹ̀ Gọ́ọ̀lù Kóòsì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ti ń ṣòwò nígbà náà, a kàn ń gbúròó rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń bọ̀ ni. Èmi nìkan sì ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún ìyá mi nínú àwọn ọmọ tó bí. Ìdí nìyẹn tó fi ń pa mí mọ́. Tí àlejò bá wọlé, á ta ìborùn bò mí léjìká, á ní kí n máa lọ sẹ́yìnkùlé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé kéú, àwọn mìíràn ń lọ sílé ìwé, èmi ń bó ànàmọ́. Nígbà kan mo rò pé ó ń tijú mi ni. Àgbà tó dé sí mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnu ayé ló ń bẹ̀rù, nítorí ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ létí kànga, ó sì mọ̀ pé òun kò lè bá gbogbo ìlú jà.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni Bàbá Kékeré gbé ìyàwó wálé. Èkó ni wọ́n ti pàdé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n dé, gbogbo ilé bọ́ síta wò ó. Ọ̀dọ́bìnrin dúdú tó ń dán ni, apá rẹ̀ le bí apá ọkùnrin nítorí ọkọ̀ tó ti ń tù láti kékeré. Kò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí Bàbá Kékeré fi bá ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ lọ, ó fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa kí ó lè mọ ilé ọkọ. Ìyàwó Ìlàjẹ la ń pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń lọ́ sí wa létí, tiwa náà ń lọ́ sí i. Kò mọ bí a ṣe ń kọ ebè. Ànàmọ́ ń dà á láàmú, á jẹ díẹ̀, á gbé e tì. Ẹja ló ń wá, ní Ọ̀fà tó jẹ́ pé pánla àti ẹja gbígbẹ là ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹnì kan kò bá lọ dẹ díẹ̀ wá láti Odò Ọ̀yun. Mo rí i tó gbé orí ẹja gbígbẹ kan símú, tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Kì í rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹja tí a fà jáde lómi, ṣé ijó ni ẹ ní kó jó?"

Ẹ mọ àṣà wa pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Gbogbo ọmọ tó bá ti wà nílé kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i. Ó ní láti wá orúkọ àpọ́nlé fún oníkálukú. Ìyàwó Ìlàjẹ sọ ọ̀kan ní Eyínfúnjowó, ó sọ ọ̀kan ní Akọ̀wé nítorí pé ó ń ru síléètì, ó sọ ọmọbìnrin gígùn kan ní Òpéléńgẹ́. Ó kan èmi, kò rí orúkọ sọ mí. "Ẹ̀yin" ló ń pè mí, tí á sì wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ń retí ohun tí yóò pè mí, nítorí kí ni èèyàn fẹ́ pọ́n lé lára mi? Ìyá mi ló ń retí rẹ̀ jù. Ó ń dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìjà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fọ orí nínú ọpọ́n ńlá lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìn mi kò jẹ́ kí n lè tẹ̀ dáadáa, nítorí náà mo ní bí mo ṣe máa ń ṣe é: màá kúnlẹ̀, màá ri gbogbo ojú àti orí bọ omi, lẹ́yìn náà màá yọ ojú síta, màá fẹ́ omi jáde nímú, iké mi á gòkè, màá sì tún ri orí bọ̀ ọ́. Bí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni Ìyàwó Ìlàjẹ jáde láti ilé ìdáná. Ó dúró. Ó wò mí. Bí ẹ̀rín ṣe bú lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti dé, ó pàtẹ́wọ́, ó wí pé, "Abuké Òkun. Abuké Òkun mi rèé o."

Ìyá mi ń gúnyán nítòsí. Ó dìde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́.

"Kí lo pe ọmọ mi?"

Ìyàwó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín kò tíì kúrò lójú rẹ̀ tán. "Ẹ má bínú, ìyálé mi. Orúkọ dáadáa ni."

"Orúkọ dáadáa. Abuké ni orúkọ dáadáa nílé tiyín."

"Abuké Òkun ni mo wí, ìyálé mi."

"Mo gbọ́ ọ. Ohun tí àwọn ará ìta ń fẹnu ṣe lẹ́yìn wa, ìwọ gbé e wá bá wa nínú ilé, o tún fi ẹ̀rín sí i."

Àwọn èèyàn bá gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá mi. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ọṣẹ ń ta mí lójú, n kò sì mọ̀ bóyá kí n sunkún. Ohun tó yà mí lẹ́nu, tó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní, ni pé ẹ̀rín yẹn kò dùn mí. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀rín lórí ẹ̀yìn mi, mo mọ èyí tó ní ẹ̀gún. Tirẹ̀ dà bí ẹ̀rín ẹni tó rí ojúlùmọ̀ nínú ọjà tí kò ti mọ ẹnì kankan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Àgbà pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi rojọ́ pẹ̀lú omijé. Ó ní òun kò ní bá ẹni tó ń fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ gbé inú agbo ilé kan náà, kí wọ́n dá a padà sílé rẹ̀ tàbí kí òun kó ẹrù tòun. Bàbá Àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó kọjú sí ìyàwó, ó ní kí ó sọ tirẹ̀.

"Bàbá, ẹja kan wà létí òkun wa," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Bàbá mi àti àwa ọmọ rẹ̀, Abuké Òkun là ń pè é. Ó gùn ju ọkùnrin lọ, ó sì sanra. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń dán bí awọ tí wọ́n fi òróró pa. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí òjé, ikùn rẹ̀ mọ́ ju ẹ̀yìn lọ. Ẹnu rẹ̀ gùn ṣọ́ńṣó, eyín kéékèèké sì tò sí i. Láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ní iké, lẹbẹ kékeré kan wá jókòó sórí iké náà bí fìlà. Kì í lọ sínú ibú. Ibi tí òkun kò ti jìn ló ń gbé, níbi tí omi ti pọ́n, ní ẹnu odò, lẹ́bàá àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń ti inú omi yọ. Bí a ṣe ń mí ló ń mí. Ihò kan wà ní àtàrí rẹ̀. Tó bá fẹ́ mí, ẹnu á kọ́kọ́ yọ, orí á tẹ̀ lé e, á fẹ́ èémí pùú, iké á wá gòkè, á sì padà sínú omi. Bí ọkọ mi kékeré yìí ṣe ń ṣe nínú ọpọ́n gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ilé wa ni mo rí. N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín."

Bàbá Àgbà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ẹja tó ń mí bí èèyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kì í sì yé ẹyin. Ọmọ ló ń bí, ó sì ń fún un lọ́mú."

Ibẹ̀ ló ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn pòṣé. Bàbá Àgbà ní òun ti ń jẹ ẹja Odò Ọ̀yun láti kékeré, òun kò rí èyí tó ní ọmú rí. Ìyá mi nu ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Kò tó kó pe ọmọ mi ní abuké, ó tún fẹ́ fi gbogbo wa ṣe òmùgọ̀."

Gbogbo ènìyàn gbà pé irọ́ ni, ìyàwó náà sì mọ̀ pé wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Kò bá wọn jiyàn. Ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Bàbá mi á bá mi jẹ́rìí sí i bí wọ́n bá wà níhìn-ín." Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà gbé ohùn sókè láti ibi tó jókòó sí. Ó ní ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Ó ní, "Ìyá Ráfátù, ìwọ àti ọmọ rẹ, ẹ bá a lọ sílé rẹ̀. Bí irọ́ ló pa, ẹ fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kí ẹ máa bọ̀. Bí òótọ́ ni, ẹ mú un padà wá fún wa, kí ẹnikẹ́ni má sì tún dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́." Bàbá Àgbà wò ó títí, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà pé obìnrin tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí ló rán wa lọ wo òkun. Bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, n kò mọ ibi tí ayé mi ìbá gbà.

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gba páàsì rélùwéè fún wa, a sì gbéra. Ìyá mi ta ìborùn bò mí lójú oòrùn. Títí a fi dé Ìbàdàn, òun àti ìyàwó kò bá ara wọn sọ ju "Sún díẹ̀" àti "Omi rèé" lọ. Láti Ìbàdàn a wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí ọ̀nà Òkìtìpupa, nínú igbó tó dúdú tó sì tutù, tí èmi ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a dé Igbókòdá, ilẹ̀ tán. Ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ìyá mi dúró létí omi, kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Ìyàwó Ìlàjẹ ti wọ inú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ di apá mi mú, ìyálé mi. Bí mo bá fẹ́ kí ẹ ṣubú, mi ò ní mú yín wálé bàbá mi." Ìyá mi di apá líle yẹn mú. Òun ni mo ka sí ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan ara wọn.

Ilé wọn wà lórí òpó lókè omi, ìpẹ́ ẹja sì wà lára gbogbo nǹkan. Bàbá rẹ̀, apẹja tí irun rẹ̀ ti funfun, gbà wá bí ẹni tó ti ń retí wa. Wọ́n sè ẹja ṣawá tútù fún wa pẹ̀lú ata, ìyá mi jẹ ẹ́, ó tún bu sí i, ṣùgbọ́n kò tújú ká. Ó sọ ohun tó gbé wa wá fún bàbá náà láìfi bò. Bàbá ní òótọ́ ni ọmọ òun sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn lè lọ mú wá láti inú àká. Wọn kì í pọ̀, ó ní; díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rìn, bí ìyá pẹ̀lú ọmọ àti àwọn ẹbí rẹ̀. Wọn kì í fò sókè bí àwọn ìbátan wọn tó ń gbé lójú agbami, ojú sì máa ń tì wọ́n tí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ wọn. Ìgbà tí omi òkun bá ń kún wá sí ẹnu odò ni wọ́n máa ń bá àwọn ẹja kéékèèké wọlé wá jẹun.

A jáde, a kò rí nǹkan kan. A tún jáde, ẹyẹ ńlá tó ń já sómi la rí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbì ń gbé wa sókè, oòrùn ń pa wá, ìyá mi ń bì. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ náà ń wo ẹ̀yìn mi, nítorí ọmọ aráyé kò yàtọ̀. Níkẹyìn ìyá mi di ẹrù, ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́, àwa méjèèjì ń lọ, kí ìyàwó dúró sílé bàbá rẹ̀ bí Ìyá Àgbà ti wí. Mo rí Ìyàwó Ìlàjẹ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó fi ẹsẹ̀ kan omi, tó ń sunkún. Kò ṣe é kí wọ́n lè rí i. Bàbá rẹ̀ kò bá ìyá mi jiyàn. Ó kàn sọ pé, "Ẹran tó ń bẹ̀rù ariwo, a kì í fi ariwo wá a. Àárọ̀ ọ̀la, kí a tó gbé yín lọ, ẹ jẹ́ kí a gba ẹnu odò kọjá. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Ìyá mi gbà, nítorí ọ̀nà ilé náà ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi ń kún wọlé, ó pọ́n bí ògì bàbà. Bàbá fi ọ̀pá gúnlẹ̀, ọ̀pá náà kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi kò ṣe jìn. Ó fi ọ̀pá dá ọkọ̀ dúró. A jókòó. Mo ń gbọ́ akàn tó ń rìn lórí gbòǹgbò igi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, bí ìgbà tí arúgbó bá mí lẹ́yìn iṣẹ́: pùú.

Ìyàwó Ìlàjẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹnu gígùn kan yọ nínú omi, kò jìnnà sí wa, orí tó ń dán tẹ̀ lé e, mo rí ojú kékeré kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀yìn gòkè wá, ó ń gòkè, ó ń gòkè, iké náà wá yọ, ó ga, ó fẹ̀ nídìí, lẹbẹ kékeré sì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti wí. Omi ń ṣàn kúrò lára rẹ̀. Kò kánjú. Ó tẹ̀ kọrọdọ, ó wọlẹ̀. Òmíràn yọ, òmíràn tún yọ, wọ́n ń da ẹja wẹ́wẹ́ síwájú lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga. Ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju tìyá rẹ̀ lọ, tó ń mí lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá tó mí lẹ́ẹ̀kan. Ìyá náà rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lábẹ́ omi fẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ sì sá sábẹ́ ikùn rẹ̀, ó fi ẹnu tì í, ó tún tì í, bí ọmọ ewúrẹ́ ti ń ṣe. Wàrà kò hàn sí wa nínú omi pípọ́n yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tó ti tọ́mọ tó máa rí i tí kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

 Ìyá mi bi bàbá náà léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, "Ẹ̀yìn ọmọ yẹn ń kọ́? Ó ti ní iké?"

"Ó ní in díẹ̀. Bó bá ṣe ń dàgbà ni yóò máa tóbi sí i, títí yóò fi rí bíi tìyá rẹ̀."

"Kò sì dí i lọ́wọ́."

Bàbá wò ó, ọ̀rọ̀ náà kò yé e. "Dí i lọ́wọ́ kí ni?"

 Ìyá mi ń wo omi. Nígbà tí wọ́n ti lọ, tí omi ti dákẹ́, ó yíjú sí Ìyàwó Ìlàjẹ, ó ní, "Ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ọ̀rọ̀ tí ìyálé kì í sábà sọ fún ìyàwó lójú ọmọdé ni. Ìyàwó Ìlàjẹ bú sẹ́kún, òun náà bú sẹ́kún, àwọn méjèèjì dìmọ́ ara wọn débi pé ọkọ̀ mì, bàbá sì ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má dà wá sómi. A kò lọ lọ́jọ́ yẹn mọ́. A dúró, a jẹ ẹja, ìyá mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan án. Nígbà tí a wá ń padà lọ, ọ̀rọ̀ wọn kò tán nínú bọ́lẹ̀kájà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oyún tí Ìyàwó Ìlàjẹ ti ní láìsọ fún ẹnikẹ́ni. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni ta ìborùn bò mí ní gbogbo ọ̀nà yẹn.

Bàbá Àgbà tún pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.  Ìyá mi, ẹni tó mú ẹjọ́ wá, òun ló wá di ẹlẹ́rìí. Ó dìde dúró, ó ní, "Bàbá, mo rí i. Ó ní iké, ó ń mí, ọmọ rẹ̀ sì ń mu ọmú. Ohun tí ìyàwó yìí sọ kò lé, kò sì dín." Ìyá Àgbà ní, "Ẹ gbọ́ bí?" Bàbá Àgbà mi orí, ó ní Ọlọ́run tó dá a ló mọ ìdí tó fi dá a bẹ́ẹ̀, àwọn tó jókòó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò tíì jókòó. Ó ní òun fẹ́ fi Ráfátù sílé ìwé.

Ó ya Bàbá Àgbà lẹ́nu. "Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á ṣe é, Bàbá. Á sì sú wọn."

Wọ́n ṣe é lóòótọ́, ó sì sú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tètè sú wọn. Mo dàgbà ju àwọn tí a jọ wọ kíláàsì lọ, ìyẹn náà ràn mí lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo bá sunkún délé, Ìyàwó Ìlàjẹ ló máa ń gbé oúnjẹ síwájú mi, á ní, "Abuké Òkun, ẹ jẹun," kò sì sí ẹni tó tún bá a jà lórí orúkọ náà. Nígbà tó yá, ìyá mi pàápàá ń pè mí bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ tí kò yá mi lára. Lẹ́yìn ìwé, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bùbá tí mo kọ́kọ́ gé fúnra mi, ẹ̀yìn ara mi ni mo gé e sí, tí kò fa sókè, tí kò sì fún. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Ọ̀fà ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé kan ni mo ti wá kà á pé ẹja yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ẹja, pé ẹranko ni, pé etí òkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú níhìn-ín nìkan ló ń gbé, àti pé wọn kò pọ̀ mọ́ nítorí àwọ̀n àti ọkọ̀ ẹ̀rọ. Mo pa ìwé náà dé, mo ṣe àdúà fún wọn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe mí lóore.

Kí ọdún yẹn tó parí, Ìyàwó Ìlàjẹ bí obìnrin. Ìyá mi ló gbẹ̀bí rẹ̀, òun ló wẹ ọmọ náà lójoojúmọ́ títí tó fi lè jókòó. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn tí Àlùfáà ti pe orúkọ rẹ̀, tí Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà ti fún un ní tiwọn, wọ́n bi ìyá mi pé kí ni tirẹ̀. Ó ní Ọpẹ́yẹmí. Orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọmọ náà lórí. Ìyá mi ti lọ, Ìyàwó Ìlàjẹ náà ti lọ, a sin ín sílé ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀fà bó ti fẹ́. Ọwọ́ mi kò dé ẹ̀yìn mọ́ báyìí tí mo bá ń wẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọpẹ́yẹmí á ti ilé rẹ̀ wá, á gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, á ní kí n jókòó sórí àpótí, á wá fi kànìnkànìn wẹ iké mi fún mi jẹ́ẹ́jẹ́, láti ìdí dé orí.